Switch nínú Èdè C: Case Ń Ṣílẹ̀kùn, Break Ló Ń Tì Í

Nínú èdè C, tí Dennis Ritchie ṣe ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, switch ni àṣẹ tí a fi ń yan ọ̀kan nínú ọ̀nà púpọ̀. Iye kan ṣoṣo ló ń yẹ̀ wò. Iye náà gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà odidi tàbí lẹ́tà kan, nítorí nọ́ńbà ni C ka lẹ́tà sí. Kò gba nọ́ńbà tó ní ìdá, kò sì gba odindi ọ̀rọ̀. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan nínú switch ní case tirẹ̀; nọ́ńbà tí a kọ tẹ̀ lé case kọ̀ọ̀kan kì í yí padà, méjì kò sì gbọdọ̀ jọra.

Ká ní ètò kan fẹ́ mọ iye ọjọ́ inú oṣù, nínú ọdún tó ní ọjọ́ 365. A ó to case 4, 6, 9 àti 11 tẹ̀ léra, a ó kọ 30 sábẹ́ wọn, a ó sì fi break, àṣẹ tó ń jáde kúrò nínú switch, sí i. Case 2 yóò ní 28 àti break tirẹ̀. Default yóò fún àwọn oṣù yòókù ní 31. Bí kò bá sí default, tí case kankan kò sì bá iye náà mu, kọ̀ǹpútà yóò fo gbogbo switch náà kọjá.

Case kàn ń tọ́ka sí ibi tí iṣẹ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀ ni. Bí kọ̀ǹpútà bá ti wọlé, yóò máa ṣe àṣẹ lọ sísàlẹ̀, yóò gba orí case tó kàn kọjá láìyẹ̀ ẹ́ wò, títí yóò fi kan break tàbí òpin switch. Ìdí nìyí tí oṣù mẹ́rin fi lè pín 30 kan ṣoṣo lò. Ṣùgbọ́n bí a bá gbàgbé break tó tẹ̀ lé 30, oṣù kẹrin yóò gba 30, iṣẹ́ yóò sì ṣàn wọ case 2, 28 yóò sì rọ́pò rẹ̀. Òfin C kò ka èyí sí àṣìṣe.

Break pàápàá ní ààlà: switch tàbí lúùpù tó sún mọ́ ọn jù lọ ló ń jáde kúrò nínú rẹ̀, kì í ṣe if. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1990, break kan tí a fi sí ibi tí kò yẹ nínú ètò C da ìpè ọ̀nà jíjìn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù AT&T rú fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́sàn-án.

Láti ọdún 2017, GCC, ọ̀kan nínú àwọn compiler tó ń túmọ̀ èdè C fún kọ̀ǹpútà, lè kìlọ̀ níbi tí break bá ti sọnù. Ìlànà C23 sì mú àmì [[fallthrough]] wá, kí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ yọ break lè sọ bẹ́ẹ̀ ní kedere.