Ìrólágbára Ẹ́ńjìnì Kékeré àti Àwọn Ọ̀rọ̀ Ìperí Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí òwe yìí ṣe bá ìkómọjáde mu, bẹ́ẹ̀ náà ni ó bá iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì mu. Olùtumọ̀ tí kò bá wo inú ẹ́ńjìnì fínnífínní kí ó tó sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ lórúkọ lè fún ohun méjì ní orúkọ kan ṣoṣo. Ó sì lè fún ohun kan ní orúkọ tí àwọn mọkáníìkì ti ń lò fún ohun mìíràn láti ọjọ́ pípẹ́. Lórí ìwé, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Ní ibi iṣẹ́ mọkáníìkì, ó lè sọ odidi ẹ́ńjìnì di ajákù irin.

Ẹ̀ka kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn gbangba ni iṣẹ́ tí a fi ń sọ ẹ́ńjìnì kékeré tí ń lo epo bẹntiróòlù di alágbára ju bí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ti fi í sílẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ Mẹ́ta, Orúkọ Mẹ́ta

Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, títún ẹ́ńjìnì ṣe ni orúkọ ohun gbogbo tí mọkáníìkì bá ṣe sí ẹ́ńjìnì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ yìí. Èkíní ni àtúnṣe: ohun kan ti bàjẹ́, a sì pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ́ńjìnì lè padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Èkejì ni ìtòsọ́nà: kò sí ohun tí ó bàjẹ́, ṣùgbọ́n àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì, àlàfo fáàfù, àkókò ìṣáná, àti ìwọ̀n epo sí afẹ́fẹ́ ti yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kúrò níbi tí ilé-iṣẹ́ fi wọ́n sí, a sì dá wọn padà síbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìrólágbára: ẹ́ńjìnì kò bàjẹ́, kò sì yẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ín fẹ́ kí ó ṣe ju èyí tí a dá a láti ṣe lọ. Nínú iṣẹ́ méjì àkọ́kọ́, ìwé ilé-iṣẹ́ ni òṣùwọ̀n. Nínú ẹ̀kẹta, òṣùwọ̀n náà ti di ohun àtẹ̀yìnwá, òfin físíìsì nìkan ni ó kù tí ó lè sọ ibi tí ó yẹ kí a dúró. Ẹni tí ó bá pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àtúnṣe ti gba ìkìlọ̀ yìí lọ́wọ́ òǹkàwé rẹ̀.

Àpẹẹrẹ Kan láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Kò sí ẹ́ńjìnì kékeré tí ó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere ju A-Series ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ní ọdún 1951 ni ó kọ́kọ́ jáde nínú ọkọ̀ Austin A30, àyè inú rẹ̀ kò sì ju 803 cc lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1959, ọkọ̀ Mini tí Alec Issigonis ya àwòrán rẹ̀ jáde pẹ̀lú ẹ̀dà ẹ́ńjìnì yìí tí ó jẹ́ 848 cc. Agbára rẹ̀ jẹ́ agbára ẹṣin 34 nígbà tí ó bá ń yí ní ìgbà 5,500 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọkọ̀ ìdílé ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n John Cooper, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣe ọkọ̀ eré ìje, rí i pé ọkọ̀ náà lè gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mini Cooper jáde ní ọdún 1961 pẹ̀lú 997 cc àti agbára ẹṣin 55. Cooper S tẹ̀ lé e ní ọdún 1963 pẹ̀lú 1,071 cc àti agbára ẹṣin 70. Nígbà tí ó fi di ọdún 1964, ẹ̀dà 1,275 cc ti dé, agbára rẹ̀ sì jẹ́ agbára ẹṣin 76 ní ìyípo 5,800. Ọkọ̀ kékeré yìí gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Monte Carlo ní ọdún 1964, 1965 àti 1967. Ìdí irú ẹ́ńjìnì kan náà ni gbogbo wọn ti wá, títí di ìgbà tí Mini àtijọ́ dáwọ́ dúró ní ọdún 2000.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí olùkọ́ fi síwájú akẹ́kọ̀ọ́ ni èyí: níbo ni agbára tí ó lé náà ti wá? Àyè inú ẹ́ńjìnì fẹ̀ láti 848 dé 1,275, èyí tí í ṣe ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àyè nìkan ni ó ṣiṣẹ́, agbára ẹṣin 34 ì bá di 51. Ṣùgbọ́n 76 ni ó dé. Agbára ẹṣin 25 tí ó ṣẹ́ kù kò wá láti inú àyè rárá.

Ipá Ìyí àti Agbára

Kí ìdáhùn tó lè yé ènìyàn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ipá ìyí ni bí ẹ́ńjìnì ti ń fi tagbáratagbára lọ́ ọ̀pá kíráńkì. Newton-mítà ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Agbára ni bí iṣẹ́ ti ń yára parí tó, a sì ń rí i nígbà tí a bá fi ìyára ìyípo sọ ipá ìyí di púpọ̀. Ẹni tí ó ń fi ọwọ́ yí ọlọ mọ ìyàtọ̀ yìí: ọ̀tọ̀ ni bí ó ti ń tì í pẹ̀lú ipá tó, ọ̀tọ̀ ni ìwọ̀n ìyẹ̀fun tí yóò lọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ́ńjìnì 848 cc ní ipá ìyí tí ó ga jù lọ, nǹkan bí 60, ní ìyípo 2,900. Ti 1,275 cc jẹ́ nǹkan bí 107 ní ìyípo 3,000. Nígbà tí wọ́n bá dé ibi tí agbára wọn ti ga jù lọ, ipá ìyí ti àkọ́kọ́ ti lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí 44, ti èkejì sì wà ní nǹkan bí 93. Èyí ni pé ẹ́ńjìnì kékeré pàdánù ju ìdá mẹ́rin ipá rẹ̀ lọ bí eré ti ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n èyí tí a ró lágbára kò pàdánù tó ìdá mẹ́fà tirẹ̀. Bí olùtumọ̀ bá pe ipá ìyí ní agbára, tí ó sì tún pe agbára ní agbára, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò lóye bí ohun kan ṣoṣo ṣe lè ga jù lọ ní ìyípo 3,000, kí ó sì tún ga jù lọ ní ìyípo 5,800.

Mímí Ẹ́ńjìnì

Ohun tí ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnì kejì di ipá rẹ̀ mú ni pé ó ń mí dáadáa. Ẹ́ńjìnì kò lè jó ju ìwọ̀n epo tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá lè gbà lọ. Nǹkan bí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 ni ìwọ̀n epo kan nílò kí ó tó lè jó tán. Nítorí náà, asán ni kí ènìyàn máa da epo sí i láìfún un ní afẹ́fẹ́. Nínú A-Series, ihò márùn-ún péré ni ó wà ní orí sìlíńdà mẹ́rin: méjì fún ìmísínú tí sìlíńdà méjì-méjì ń pín lò, àti mẹ́ta fún èéfín. Ọ̀nà tí èrò pọ̀ sí báyìí kò lè ṣàìdí bí eré bá ti pọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fún Cooper ní kábúrétọ̀ méjì dípò ẹyọ kan, tí fáàfù rẹ̀ tóbi sí i, tí wọ́n sì yí bí ọ̀pá tí ń ṣí fáàfù ti rí padà.

Kámúṣáàfù ni àwọn mọkáníìkì ń pe ọ̀pá yìí. Bí a bá fẹ́ orúkọ tí ó fi ìrísí rẹ̀ hàn, ọ̀pá oníké bá a mu, nítorí pé iké tí ó wà lára rẹ̀ ni ó ń ti fáàfù ṣí. Bí iké bá ga tí ó sì fẹ̀, fáàfù yóò ṣí púpọ̀, yóò sì pẹ́ kí ó tó padé, afẹ́fẹ́ tí ń sáré bọ̀ yóò sì tún rí àyè wọlé sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dára fún eré púpọ̀ kò dára fún eré díẹ̀: nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń rọra yí, fáàfù tí ó pẹ́ kí ó tó padé yóò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ padà jáde, ẹ́ńjìnì yóò sì máa gbọ̀n bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan.

Ìfúnpọ̀ àti Ewu Inú Rẹ̀

Ọ̀nà mìíràn ni kí a mú kí ẹ́ńjìnì fún àdàpọ̀ epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ sí i kí iná tó ràn án. Ìwọ̀n ìfúnpọ̀ ẹ́ńjìnì 848 cc jẹ́ 8.3 sí 1. Ti Cooper S 1,275 cc jẹ́ 9.75 sí 1. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí a mọ̀ mọ́ orúkọ Otto ti fi hàn, èyí gbé ìdá ooru tí ó lè di iṣẹ́ sókè láti nǹkan bí 57 nínú ọgọ́rùn-ún sí nǹkan bí 60. Èrè náà kò pọ̀, ewu tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó pọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ìperí ti di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè fún ẹ́ńjìnì.

Bí ohun gbogbo bá wà létò, púlọ́ọ̀gì yóò ṣáná, iná yóò sì rìn láti ibẹ̀ la inú àdàpọ̀ já bí iná ọyẹ́ ti ń rìn nínú pápá. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń rìn, ó ń fún èyí tí kò tí ì jó mọ́ra, ó sì ń mú un gbóná. Bí ìfúnpọ̀ bá pọ̀ jù, tàbí tí àkókò ìṣáná yá jù, tàbí tí epo kò dára tó, ìyókù náà yóò gbiná fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ariwo rẹ̀ dà bí ìgbà tí a ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Ó ń gbá ìpele gáàsì tín-ín-rín tí ó ń dáàbò bo orí písítìnì kúrò, bẹ́ẹ̀ ni alumíníọ̀mù kì í kọjá ìwọ̀n ooru 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí ó tó yọ́, iná inú sìlíńdà sì ń gbóná ju 2,000 lọ. Orí písítìnì lè lu níwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀.

Nínú ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe èyí ni ọ̀rọ̀ kan náà tí àwọn awakọ̀ wa sọ di nọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n bí mọkáníìkì ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó bá ní ẹ́ńjìnì kan ti nọ́ọ̀kì, ohun tí ó ń sọ ni pé bẹ́ríǹgì kíráńkì ti jẹ, tàbí pé ẹ́ńjìnì ti gan pátápátá. Àrùn méjì ni wọ́n, oògùn wọn kò sì bára mu. Ti àkọ́kọ́ ń fẹ́ kí a dá àkókò ìṣáná padà sẹ́yìn, tàbí kí a wá epo tí ó dára jù, tàbí kí a dín ìfúnpọ̀ kù. Ti èkejì ń fẹ́ kí a tú ẹ́ńjìnì palẹ̀. Bí ìwé ìlànà kan tí a tú sí Yorùbá bá wí pé kí ènìyàn dá ìṣáná padà nígbà tí ó bá gbọ́ nọ́ọ̀kì, ẹni tí bẹ́ríǹgì rẹ̀ ti jẹ yóò máa yí disitiríbútọ̀ lásán. Èyí tí ó burú jù ni ẹni tí ń gbọ́ ariwo òkúta wẹ́wẹ́, tí yóò wí pé ẹ́ńjìnì òun kò tí ì nọ́ọ̀kì, tí yóò sì máa sáré lọ títí písítìnì yóò fi yọ́. Nítorí náà, ó sàn kí a fi nọ́ọ̀kì sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ni ín, kí a sì pe ti inú sìlíńdà ní ìgbiná òjijì.

Òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí epo ti lè kọ ìgbiná òjijì sí ni ọ́ktéènì: a fi heptane sí ipò òdo, a sì fi iso-octane sí ipò 100. Láti àwọn ọdún 1920 ni wọ́n ti ń fi èròjà òjé gbé ìwọ̀n yìí ga, kí ayé tó mọ ibi tí májèlé inú rẹ̀ gbòòrò dé. Algeria ni orílẹ̀-èdè tí ó dáwọ́ títà á fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dúró kẹ́yìn, ní ọdún 2021.

Ìmọ̀ràn fún Olùtumọ̀

Wọn kò ró Cooper lágbára lójú kan kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Wọ́n fún un ní bíréèkì onídíìsì níwájú, wọ́n sì fi irin tí ó le jù ṣe kíráńkì Cooper S. Bí a bá mú ẹ̀yà kan lágbára, ẹ̀yà tí ó kàn án ni yóò ru ẹrù náà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìperí rí: bí a bá yí ìtumọ̀ ẹyọ kan padà, àwọn aládùúgbò rẹ̀ yóò yẹ̀.

Láti ọdún 1970 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí a fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò tún sí iyèméjì pé èdè yìí lè ru ẹrù ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ó kù ni pé kí orúkọ má ṣe ṣi ọ̀nà. Kí àwọn ọ̀rọ̀ tí mọkáníìkì ti ní, bíi púlọ́ọ̀gì, fáàfù àti kábúrétọ̀, dúró bí wọ́n ti wà. Kí àtúnṣe, ìtòsọ́nà àti ìrólágbára yàtọ̀ síra. Bákan náà ni ipá ìyí àti agbára, àti nọ́ọ̀kì àti ìgbiná òjijì. Kí a tó tẹ ìtumọ̀ jáde, kí a kà á sí etí mọkáníìkì kan tí kò ka ti Gẹ̀ẹ́sì rí, kí a sì ní kí ó fi ìka tọ́ka sí ohun tí a ń wí. Ibi tí ìka rẹ̀ bá ti ṣìnà ni iṣẹ́ olùtumọ̀ kò tí ì parí.