Ọkùnrin Pẹ̀lú A Máa Ní Jẹjẹrẹ Ọmú

Ẹ̀yin bàbá tí ẹ máa ń ṣí ojú ìwé yìí kọjá nígbàkúùgbà tí a bá kọ̀wé lórí jẹjẹrẹ ọmú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró. Ti òní kàn yín. Ẹran ọmú wà láyà ọkùnrin, bí ó tilẹ̀ kéré, jẹjẹrẹ sì lè mú un. Nínú 100 ènìyàn tí àrùn yìí bá mú ní Amẹ́ríkà, bí ẹnì 1 ni ọkùnrin. Nítorí pé kò wọ́pọ̀, ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í fura, wọn kì í sì í tètè lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ gbọ́ ti Mathew Knowles, bàbá Beyoncé olórin. Ní ọdún 2019, ó rí àmì ẹ̀jẹ̀ kéékèèké lára ẹ̀wù rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ náà ti rí irú rẹ̀ lórí aṣọ ibùsùn. Bàbá náà kò fi falẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí jẹjẹrẹ, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ó sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n kí ayé gbọ́. Àyẹ̀wò fi hàn pé àbùkù wà nínú àbùdá rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní BRCA2. Àjogúnbá ni. Ọmọ kọ̀ọ̀kan lè jogún rẹ̀, ó sì lè má jogún rẹ̀, bí ìgbà tí a ju owó sókè. Nítorí náà, bí ó bá mú bàbá, ọ̀rọ̀ kan àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin pẹ̀lú.

Kí ni a ó máa wò? Kókó líle lẹ́yìn orí ọmú, ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí kì í sábà dunni. Orí ọmú tí ó wọnú, tàbí tí ó ń ṣe omi tàbí ẹ̀jẹ̀. Kókó lábẹ́ abíyá.

Oríṣi kan ṣọ̀wọ́n tí ó máa ń tan ènìyàn jẹ. James Paget, oníṣẹ́ abẹ ará Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1874. Orí ọmú á máa yún, á pọ́n, á máa bó, á sì yi èépá. Ta ni kò ní pè é ní làpálàpá? Ìpara ni ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ rà. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò san, ẹ fi ìpara sílẹ̀, ẹ lọ rí dókítà.

Kì í ṣe gbogbo ọmú tí ó wú ni jẹjẹrẹ o. Ti ọmọkùnrin tí ó ń bàlágà lè wú. Àrùn ẹ̀dọ̀ àti àwọn òògùn kan ń fà á fún àgbà. Ìyẹn sábà máa ń jẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìka kò lè dájọ́ rẹ̀: wọn yóò ya àwòrán, wọn yóò sì fi abẹ́rẹ́ bu díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò.

Ní ti ìtọ́jú, wọ́n sábà máa ń gé ọmú náà kúrò pátápátá, nítorí ẹran ibẹ̀ kò pọ̀. Nínú ọkùnrin 10, jẹjẹrẹ bí 9 ni ó ń fi omi ìsúnniṣe obìnrin tí ó wà lára ọkùnrin ṣe oúnjẹ. Tamoxifen ni wọ́n ń lò fún irú wọn, lójoojúmọ́, ó kéré tán fún ọdún 5. Òògùn yìí lè mú ara gbóná lójijì, ó sì lè dín ìfẹ́ ọkùnrin sí aya rẹ̀ kù. Ìtìjú èyí ń mú kí àwọn kan dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ sọ fún ìyàwó yín, ẹ sọ fún dókítà. Wọ́n lè wá nǹkan ṣe sí i. Bí ẹsẹ̀ kan bá sì wú lójijì tí ó ń dun ẹni tí ó ń lò ó, kí ó gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀.