Soríásíìsì Kì í Ràn



Ìyá kan nínú wa tó ń ta ẹ̀fọ́ kò lè san ẹ̀yáwó rẹ̀ fún oṣù méjì. Àwọn oníbàárà ò fẹ́ gba ṣéńjì lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, nítorí ohun kan tó ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja ní ìgúnpá àti ọwọ́ rẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀tẹ̀ ni, àwọn kan ní làpálàpá. Irọ́ ni. Soríásíìsì ni dókítà pè é. Kì í ràn rárá. Ẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ẹ bá a jẹun nínú àwo kan náà, kò séwu.

Kí ló wá ń fà á? Ara wa ní ọmọ ogun tirẹ̀. Wọn ò lẹ́nu. Èròjà wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn, bí akéde tó ń lu agogo. Bí kòkòrò bá gba ojú egbò wọlé, akéde á ké, ọmọ ogun á dé, wọ́n á pa á, agogo á dákẹ́. Ní ti soríásíìsì, agogo ń dún, ọ̀tá kò sí. Àwọn tó ń ṣọ́nà nínú awọ ara á tú akéde kan jáde tó ń jẹ́ interleukin-23. Èyí á ru ọmọ ogun kan sókè, àwọn náà á tú interleukin-17 jáde, òun ló ń da awọ ara láàmú gan-an. Awọ tó yẹ kó fi bí oṣù kan pààrọ̀ ara rẹ̀ á máa ṣe é láàárín ọjọ́ mélòó kan. Èyí tó wà níwájú ò tíì gbó, òmíràn ti dé ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á tò léra wọn gègèrè. Èyí tó tún burú ni pé awọ náà fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, á máa pe ọmọ ogun mìíràn wá. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í tán bọ̀rọ̀.

Tẹ́lẹ̀, awọ ara ni ọ̀pọ̀ dókítà ń dá lẹ́bi. Ní 1979 ni wọ́n rí i pé ciclosporin, oògùn tó ń dá ọmọ ogun ara lẹ́kun, mú un rọlẹ̀ lára àwọn aláìsàn kan. Ní 2009 Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ tó ń di interleukin-23 lẹ́nu, ní 2015 èyí tó ń di interleukin-17 lẹ́nu. Owó wọn kì í ṣe kékeré o.

Ìwé òyìnbó a máa ní ó ń pupa. Lára àwa dúdú, ó lè rí bí àwọ̀ àlùkò tàbí bí eérú, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ṣì í mọ̀. Ọ̀nà ọ̀fun dídùn, àròjù, họ́ra-họ́ra, àní chloroquine pàápàá, lè ta á jí. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ fi ìpara ìbóra sílẹ̀: sitẹ́rọ́ọ̀dù inú òmíràn á mú un lọ fúngbà díẹ̀, bí ẹ bá dá a dúró, á padà wá le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹni tí oríkèé rẹ̀ bá ń dùn, tó ń le láàárọ̀, kó tètè sọ fún dókítà, torí àwọn akéde yìí kan náà lè ba egungun jẹ́.