Ilẹ̀ Ìṣeré Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé

Bí aago ìsinmi bá lù ní ilé-ìwé kan tí a ti lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ajangbadi, àwọn ọmọkùnrin tí ó dàgbà a gba gbogbo pápá fún bọ́ọ̀lù. Àwọn kéékèèké àti ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin a fara ti ògiri, wọn a sì máa wòran títí aago yóò tún fi lù. Àwọn wọ̀nyí kò ṣeré rárá. Bẹ́ẹ̀ sì ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sì gbà ní 2007, ka eré ṣíṣe mọ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ọmọ.

Ní 1943, nígbà ogun, a dá ibi ìṣeré kan sílẹ̀ ní Emdrup, ní ìlú Copenhagen. C. Th. Sørensen, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títo ọgbà, ni ó dá èrò rẹ̀. Ó ti ṣàkíyèsí pé àlòkù pákó àti bíríkì a máa dùn mọ́ ọmọdé ju ibi tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ fún wọn lọ. Èyí kò lè ya ẹni tí ó ti rí ọmọ wa tí ń fi iyanrìn se ọbẹ̀ lẹ́nu.

Kí a tó pín ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rìn ín já lẹ́yìn òjò oṣù kẹfà, kí a mọ ibi tí omi ń dúró sí. Abẹ́ igi ni kí iyanrìn àwọn ọmọ kéékèèké wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe abẹ́ àgbọn: ẹni tí ó bá mọ agbègbè Ọ̀jọ́ mọ ìdí rẹ̀! Ilẹ̀ líle tí ó tẹ́jú ni òkòtó ń fẹ́; bojúbojú ń fẹ́ ọgbà ewéko tí a rẹ́ dé àyà ọmọ, kí olùkọ́ lè máa rí orí gbogbo wọn. Ìtì igi kan níbi ìdákẹ́jẹ́ tó fún ọmọ tí ó bá fẹ́ ta ayò tàbí tí ó kàn fẹ́ jókòó.

Àwọn tí ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà Àgbádárìgì kì í ṣàìní àlòkù. Bí a bá ri wọ́n dé ìdajì, wọ́n di ààlà pápá, wọ́n sì tún di ohun fífò. Kí a dá wọn lu kí omi má bàa dúró nínú wọn, nítorí ẹ̀fọn.

Bọ́ọ̀lù ńkọ́? Àyè tirẹ̀ wà síbẹ̀. Kìkì pé a ó yí góòlù padà, kí ó má ṣe kọjú sí ibi iyanrìn.