Ooru Ààrò, Iná Mànàmáná àti Mólékù Kan Ṣoṣo

Ẹnikẹ́ni tí ó bá dé ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Òde yóò rí i pé ooru tí ń ṣòfò lára ààrò kò kéré. Ògiri gbóná, ilẹ̀ gbóná, òógùn sì bo àwọn ìyá tí ń yan gàrí. Bákan náà ni ó rí ní ilé-iṣẹ́ iná Ẹ̀gbìn, ní ìtòsí Ìkòròdú, tí a kọ́ láti pèsè 1,320 mẹ́gáwáàtì: èyí tí ó pọ̀ jù nínú ooru gáàsì ibẹ̀ kì í di iná rárá. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni bí a ṣe lè sọ irú ooru bẹ́ẹ̀ di iná mànàmáná láìlo ẹ̀rọ tí ń yí.

Ní 1821, ní ilẹ̀ Jámánì, Thomas Johann Seebeck ṣe àkíyèsí pé bí a bá so bàbà pọ̀ mọ́ bismuth ní ìpẹ̀kun méjèèjì, tí ìpẹ̀kun kan sì gbóná ju èkejì lọ, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tí ó wà nítòsí yóò yí. Òun rò pé agbára òòfà lásán ni; àwọn ẹlòmíràn ni ó fi hàn pé iná mànàmáná ni ó ń ṣàn. Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì fi ọgbọ́n yìí lo ooru àtùpà kẹrosíìnì láti mú rédíò sọ̀rọ̀ ní àwọn abúlé tí kò ní iná.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bàbà, tí ó ń jẹ́ kí iná kọjá wẹ́rẹ́, ń jẹ́ kí ooru náà kọjá wẹ́rẹ́. Bí ìpẹ̀kun méjèèjì bá sì ti gbóná bákan náà, iná dákẹ́. Lẹ́yìn èyí, nínú bàbà, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ń lọ àti àwọn tí ń bọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa iṣẹ́ ara wọn rẹ́. Oníbodè ni a nílò. Àwọn oníbodè ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ṣe irú iṣẹ́ yìí lójú ọ̀nà òwò kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó fi ogun Ìmàgbọn ṣí ọ̀nà náà tipátipá ní 1892. Mólékù lè ṣe é pẹ̀lú, nítorí pé agbára ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ pín sí ìpele-ìpele bí àkàsọ̀. Èyí tí agbára rẹ̀ bá ìpele kan mu ni ọ̀nà ń ṣí fún.

Ní 2007, ní Berkeley ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Pramod Reddy, Sung-Yeon Jang, Rachel Segalman àti Arun Majumdar há mólékù sáàárín abẹ́rẹ́ wúrà kan àti pẹlẹbẹ wúrà tí wọ́n mú gbóná. Benzenedithiol mú nǹkan bí máíkírófólítì 8.7 wá fún dígírì kọ̀ọ̀kan. (Mílíọ̀nù kan máíkírófólítì ni fólítì kan.) Bí ìyàtọ̀ ìgbóná bá jẹ́ 30 dígírì, a ní láti to irú rẹ̀ tí ó lé ní 5,700 tẹ̀lé ara wọn kí a tó rí 1.5 fólítì òkúta tọ́ọ̀ṣì kan. Àdàlú bismuth àti tellurium ń mú nǹkan bí 200 wá fún dígírì kan. Kí ni a wá ń wá lọ sọ́dọ̀ mólékù? Tellurium ṣọ̀wọ́n, mólékù sì ṣeé tún ṣe. Nígbà tí àwọn onímọ̀ náà sọ òrùka kan inú mólékù wọn di mẹ́ta, 8.7 di 14.2.

Ṣùgbọ́n ní 2019, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Michigan, tí Reddy yìí kan náà wà lára wọn, wọn ooru tí ń gba inú mólékù kan kọjá. Bí wọ́n ṣe ń fa ẹ̀wọ̀n kábọ́ọ̀nù gùn láti 2 dé 10, iná ń dínkù gidigidi, ooru kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ìdí ni pé gbígbọ̀n àwọn átọ́mù ni ó ń gbé ooru kọjá, oníbodè wa kò sì rí i mú. Mólékù tí yóò da gbígbọ̀n yẹn rú láìdí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́nà ni iṣẹ́ tí ó kù.

Ní tèmi, kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga agbègbè yìí má ṣe dúró dè é. Àdàlú bismuth wà lọ́jà, ààrò gàrí sì wà nítòsí. Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n tan gílóòbù kan ná, kí a sì wọn ohun tí ó bá jáde.