Kòtò Tẹ́ẹ́rẹ́ Tó Ń Ṣọ́ Ojú Ayìnbọn

Tí ẹ bá rí irin tó ń gún ìdí ọta nínú ìbọn ìléwọ́ Luger àtijọ́, ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa. Òmíràn dán gbọrọgbọrọ. Òmíràn ní kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lára. Kòtò yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọta. Kápù ló wà níbẹ̀, àwọn ọdẹ wa mọ̀ ọ́n. Tí sípíríìngì bá ti irin yìí síwájú, ẹnu rẹ̀ á gún kápù, kápù á ran ẹ̀tù, ẹ̀tù á di gáàsì, gáàsì á sì ti ọta jáde. Nínú ọta 9 mm tí Luger ń lò, ìfúnpá gáàsì yìí lè tó 2,350 bar. Ti táyà mọ́tò ò ju bíi 2.3 lọ, ẹ wá ṣírò ẹ̀ wò!

Idẹ tó bo ẹ̀tù ni kì í jẹ́ kí gáàsì padà sẹ́yìn. Àmọ́ tí kápù bá lu ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé ẹnu irin ti mú jù, tàbí pé kápù ò lágbára tó. Gáàsì á gba ihò kékeré yẹn wọlé, á wá bá ara irin. Ká ní ẹnu irin fẹ̀ tó 2 mm, tí ara rẹ̀ fẹ̀ tó 8 mm. Ìlọ́po 4 lẹ rí yẹn, àbí? Ṣùgbọ́n ojú tí gáàsì máa tì jẹ́ ìlọ́po 16. Lóòótọ́, ìfúnpá á ti rọ̀ kó tó débẹ̀, síbẹ̀ irin náà á di písítìnì, á máa sáré bọ̀ lẹ́yìn. Ojú ta ló sì wà lẹ́yìn ìbọn?

Kòtò náà ló ń jẹ́ kí gáàsì gba ẹ̀gbẹ́ irin kọjá, dípò kó máa tì í.

Àwọn ọmọ ogun Switzerland gba Luger ní 1900, ti Jámánì gbà á ní 1908, irin dídán ló sì wà nínú wọn. Lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ Mauser gba iṣẹ́ náà ní 1930 ni kòtò wá wọlé. Lójú tèmi, ó pẹ́ jù, torí pé ìbọn gígùn tí Mauser ṣe ní 1898 ti ní ihò méjì tí gáàsì ń gbà jáde. Paul Mauser fúnra rẹ̀ kúkú pàdánù ojú kan ní 1901, níbi tó ti ń dán ìbọn mìíràn wò.

Àwọn tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ ṣì máa ń wá irin dídán ti àkọ́kọ́, torí ó ń mú kí ìbọn níye lórí. Kí wọ́n fi í sínú àpótí gíláàsì ni tèmi.