Iṣẹ́ ń gbé yín jáde látàárọ̀? Irú ajá tó yẹ kí ẹ sìn rèé

Ẹni tó ń gbé Súrùlérè, tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island, mọ bó ṣe ń rí: ìdájí ló ń jáde, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kì í sì í jẹ́ kó tètè wọlé lálẹ́. Ta ló máa wà lọ́dọ̀ ajá? Ẹ dáhùn ìyẹn kí ẹ tó béèrè iye owó rẹ̀.

Bí kò bá sẹ́ni nílé, ẹ má ra ọmọ ajá. Ọmọ ajá oṣù méjì ń jẹun ní ẹ̀ẹ̀mẹta sí mẹ́rin lóòjọ́, kò sì lè mú ìtọ̀ mọ́ra pẹ́. Èyí tó ti pé ọdún méjì lè jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́, kó sì fara balẹ̀ dè yín.

Caucasian tó nírun jọ̀bọ̀tọ̀ ńkọ́? Òkè olótùútù ni wọ́n ti wá. Ajá kì í làágùn bíi tèèyàn. Ahọ́n tó ń yọ síta ló fi ń tura. Bí NEPA bá mú iná lọ, ìyà ńlá ni. Ajá ìbílẹ̀ tí à ń pè ní Bingo, irun rẹ̀ kúrú, ooru Èkó ti mọ́ ọn lára.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé onífacemeìfaceyou ní Mushin tàbí Yábàá, ẹ kọ́kọ́ bá ará ilé sọ̀rọ̀. Ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀ látàárọ̀ lè máa gbó ṣáá, ó sì lè bu ọmọ ọlọ́mọ jẹ. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko gún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dọọdún. Bí àrùn yìí bá ti farahàn lára èèyàn, ikú ló sábà máa ń já sí.

Bí kò bá sẹ́ni tó máa bu omi fún un lọ́sàn-án, ẹ ṣe sùúrù ná.